Lékeléke Ò Pé Mẹ́sàn-án

Sọ́ńdè, 8 June

Wọ́n ti lé àbúrò yín jáde nínú pápá. Èmi ni mo fà á. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni, Ìlérí ń sunkún nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára.

Bàbá Ìlérí, ẹ ní kí n máa kọ bí Lékeléke, tíìmù baseball wa, bá ṣe ń ṣe sílẹ̀ fún yín títí ẹ ó fi ti Scotland dé. Ẹ ní kí n má tijú, kí n ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dáa, ẹ gbọ́ èyí tí mo ṣe.

Láàárọ̀, mo rí Agùntáṣọọ́lò, àbúrò yín, níwájú dígí. Ó fẹ́ wọ sùtánà, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gòkè. Ó fi tòsì tì í. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ọwọ́ yìí ti ń darúgbó ṣáájú mi o." Mo ní ẹ jẹ́ n fi òróró tí Mummy Keziah bá mi gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì pa á. Ó jókòó. Mo fi pa á láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, mo ń ka Sáàmù sí i. Mo dà á dáadáa, torí mo rí ìrora lójú ẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé oòrùn máa mú tó báyẹn. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Woolwich, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá tààrà. Òógùn wọ́ òróró yẹn wá sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù yọ̀ bọ́, ó fò kọjá orí Faiz tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ìkejì, díẹ̀ ló kù kó gbá ará Croydon tó gbé igi dání lẹ́nu. Rẹfirí gba bọ́ọ̀lù, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó di ọwọ́ àbúrò yín mú, ó wò ó. Ó ní kí lèyí?

"Òróró àdúrà ni, sà."

Ará Croydon kan ní àṣé Jésù náà ń gbá baseball. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ fi nǹkankan sọ́wọ́, màgòmágó ni. Kó jáde. Kò sì gbọ́dọ̀ gbá èyí tó ń bọ̀.

Uncle Gafar, kóòṣì, ń pariwo: "Ta ló kó òróró wá sí pápá mi? Ta ni?" Mo ti fẹ́ dìde. Àbúrò yín wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Èmi ni, Uncle. Èmi ni mo fi para."

"Ẹ̀yin aládùúrà yìí! Ẹ ò kúkú gbé àbẹ́là wá, ká tàn án sáàárín pápá!"

Mo tún jókòó. Wọ́n nà wá, 11-2.

Túsìdè, 10 June

Òjò látàárọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn méjì ní Woolwich báyìí. Iṣu, mo wò ó, mo kọjá.

Obed ti kúrò nínú tíìmù. Ó ní òun ò lè bá àwọn tí wọ́n ń pè ní olè gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti lọ bá àwọn ará Bexley. Òun ló máa ń gbá a lọ jìnnà jù nínú wa. Èmi ni mo lé e, kì í ṣe ẹlòmíì.

Sọ́ńdè, 15 June

A pé mẹ́sàn-án tí òfin ní ká jẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ ni. Uncle Gafar fúnra ẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù. Ó ń jù ú bí ẹni tó ń ju ẹ̀fọ́ sínú agbọ̀n, síbẹ̀ ó gbìyànjú. Ẹni kẹsàn-án ni Chloe, òyìnbó onírun pupa tó ń ṣọ́lé fún tíìmù hockey àwọn obìnrin. Ó rí wa nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn tán, ó ní ṣé òun lè bá wa gbá a. Kò mọ igi í dì mú, ńṣe ló ń fi gbá a nílẹ̀ bí ti hockey. Àmọ́ kò sí bọ́ọ̀lù tó ń kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀.

9-7, wọ́n nà wá. Mo pariwo débi pé Ìlérí jí. Orúnkún Uncle Gafar wú bí búrẹ́dì kó tó di pé wọ́n parí. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́.

Wẹ́sìdè, 18 June

Ooru ò jẹ́ ká lè jókòó sílé. Mo gbé Ìlérí lọ wo hockey Chloe nírọ̀lẹ́. Ìyà ń jẹ àwọn náà. Chloe nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ gbà á, ó ń fi àyà gbà á, síbẹ̀ 5-1. Àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò fẹ́ rà. Ẹni tó ń gbá a wọlé fún wọn ti lóyún, wọn ò rí ẹni rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá jókòó tì mí, òógùn ń kán lára ẹ̀, ó ní àwa náà ò pé, ẹ̀yin náà ò pé. Òyìnbó mi ò tó nǹkan, àmọ́ mo gbọ́ ìyẹn yékéyéké.

Sọ́ńdè, 22 June

A nà wọ́n! 6-3. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí.

Agùntáṣọọ́lò ti padà. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń dún fìì, ẹni tó gbé igi dání ń fi igi na atẹ́gùn. Fọláhàn fò sókè bí ológbò, ó mú èyí tí mo rò pé ó ti lọ sínú adágún ẹ̀gbẹ́ pápá. Lẹ́yìn àbúrò yín, Fọláhàn ló dáa jù. Faiz náà ń mú bọ́ọ̀lù dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ jù ú padà, bí ìgbà téèyàn ń da omi abọ́ nù ni. Uncle Gafar gbàgbé orúnkún, ó ń jó yí pápá ká: "Lékeléke ti bà lé wọn lórí! Ẹ lọ wẹ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín dénú. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan.

Mọ́ńdè, 23 June

Ọwọ́ òsì ló fi fọ eyín láàárọ̀ yìí.

Tọ́sìdè, 26 June

Ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe pé ó yọ̀ o, ìka ni ò mú un. Tíì gbígbóná dà sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kan Ìlérí lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nù ún. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti sọ ọ́.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi bọ́ọ̀lù yìí."

"Ṣé o ti di dókítà ni, ìyàwó?"

"Ọwọ́ yín ni mo rí."

"Kí lo rí lára ẹ̀? Ó hu ewú?"

"Ìka méjì tó kángun, ẹ ò fi mú nǹkan mọ́. Òsì lẹ fi ń gbé Ìlérí. Òsì lẹ fi ń ṣílẹ̀kùn."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní: "Ìyàwó ilé ni wọ́n fẹ́ wá fún wa. Wọn ò fẹ́ ọlọ́pàá."

Mo nu tíì yẹn tán. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ó wà nílé yín kí n tó wọ̀ ọ́. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ọkọ mi ṣì ni. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi wọlé ni Mààmi, ìyá yín, pè mí síyàrá, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè sí i láéláé. Mo wo bó ṣe ga, tí aṣọ ń lò lára ẹ̀, mo sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Orúkọ ẹ̀ gangan ò tíì jáde lẹ́nu mi rí. Nínú ìwé yìí náà, ẹ wá a, kò sí níbẹ̀.

Sọ́ńdè, 6 July

Mẹ́jọ.

Fọláhàn ríṣẹ́ ní Leeds. Orí WhatsApp ló ti dágbére, ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń dúpẹ́ sí i. A jókòó, à ń ka ara wa, bí ẹni pé tá a bá tún un kà, a máa pé. Rẹfirí wo aago, ó pa ìwé dé. Àwọn tó wá bá wa gbá gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Wọ́n kọ ọ́ fún wa pé a pàdánù.

Òjò wá ń pa wá, kò sẹ́ni tó dìde. Uncle Gafar ní: "Ẹ gbọ́ o. Líìgì ní tá a bá ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, a ti jáde nìyẹn. Council á sì gba pápá yìí fún ẹlòmíì."

Faiz ní: "Ẹ jẹ́ ká mú ìyàwó. Ó mọ òfin ju gbogbo wa lọ."

"Ta ló máa gbé ọmọ? Ìwọ? Bọ́ọ̀lù gan-an, o ń jù ú nù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àbúrò yín ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi òsì pa ìgúnpá ọ̀tún.

Mọ́ńdè, 7 July

Mo pè yín, nẹ́tíwọ̀kì òkè yẹn ń já. Mo ní ọwọ́ àbúrò yín ò dáa. Ẹ ní, "Ta ló ń ju bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ kì í dùn? Èmi tí mo jù ú fọ́dún mẹ́rin ńkọ́?" Mo ní ti ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ní ẹ̀rù ṣáà máa ń bà mí. Òótọ́ ni, ó máa ń bà mí. Ṣé ìyẹn ní kí n má ríran?

Ẹ ní ọmọ bàbá tí ẹ ń tọ́jú ń bọ̀ wá jókòó tì í lọ́sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, pé wọn ò ní nílò yín, àmọ́ pé ẹ ò ní wálé, ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ níbòmíì nítòsí ibẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sá aṣọ.

Sọ́ńdè, 20 July

Chloe mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wá láti hockey, ni a bá pé. A nà wọ́n, 4-3. Kò sẹ́ni tó fò.

Agùntáṣọọ́lò ló jù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lápá ìparí, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò dún fìì mọ́, ó kàn ń lọ. Orí ló kó wa yọ, àti Chloe, tó fi àyà dá ọ̀kan dúró bí ẹni pé ó ṣì wà nínú hockey. Bí wọ́n ṣe parí, mo rí àbúrò yín tó lọ sẹ́yìn igi, ó ti ọwọ́ bọ inú kúlà omi dídì títí dé èjìká. Ó ń fi eyín jẹ ètè.

Chloe náà rí i. Ó ní ẹnìkan wà ní tíìmù àwọn tí ìgúnpá ẹ̀ ṣe báyẹn, tí kò tètè sinmi. Wọ́n là á. Títí dòní, kò lè so okùn bàtà ara ẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún un kó dúró? Mo ní mi ò lè sọ ọ́, ọkọ mi ni.

Chloe la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ṣebí ọkọ mi wà ní Scotland, ṣé méjì ni mo ní ni?

Ó rẹ̀ mí débi pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé, 26 July

Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́sibítù, torí èmi ni mo bá a di bọ́tìnnì. Dókítà tẹ ìgúnpá yẹn, àbúrò yín pariwo, odindi ọkùnrin. Dókítà ní iṣan tó so ó pọ̀ ti fẹ́ẹ́ já. Tó bá sinmi báyìí, ó máa san. Tó bá tún fi ju bọ́ọ̀lù kó tó san, ó lè já pátápátá, kò sì ní lè gbé nǹkan tó wúwo mọ́.

Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń kó páálí níbi iṣẹ́ ní Nathan Way, Bàbá Ìlérí. Kò ní òmíràn.

A jáde. A dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ìyàwó, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Match kan péré ló kù. Tá a bá ti gbá a, wọn ò lè lé wa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn màá sinmi."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Mo gbọ́. Ṣebí èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní olè, tí Obed fi lọ? Tí mo bá tún jókòó, tí tíìmù bá fọ́, kí ni wọ́n máa ní?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni."

"Ta ló gbọ́? Èmi ni mo dáhùn, èmi ni." Ó fi òsì gbé Ìlérí, ó ń bá a ṣeré, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Fúráìdè, 1 August

Mo lọ dúró de Uncle Gafar níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń wà, ní Woolwich. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo sọ ti òróró, mo sọ ti dókítà, mi ò fi nǹkankan pamọ́.

"Dìde! Dìde, jàre, wọ́n á rò pé mo gbà ẹ́ ní nǹkan." Ó fà mí dìde. "Ti òróró, mo ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. Ṣé àbúrò ọkọ ẹ lè bu òróró sẹ́yìn èjìká ara ẹ̀ ni? Ti ọwọ́ náà, ojú mi ò fọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa gbá a. Ìwọ wá wò ó: tí kò bá gbá a, mẹ́jọ la jẹ́. Líìgì ti pa orúkọ dé lánàá. Mi ò lè mú ẹnikẹ́ni wá mọ́, àní kí n rí ẹni tó ń fò."

"Ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan, Uncle?"

Ó fọwọ́ pa orúnkún ẹ̀. "Orúkọ ọkọ ẹ ṣì wà níbẹ̀. Èmi àti Láńre la jọ dá tíìmù yìí sílẹ̀, mi ò lè yọ ọ́. Tí Láńre bá wọlé, a pé mẹ́sàn-án, àbúrò ẹ̀ á jókòó. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀..." Ó gbọn orí.

Mo pè yín. Kò wọlé. Mo pè yín láti Woolwich délé.

Mọ́ńdè, 4 August

Kò wọlé.

Tọ́sìdè, 7 August

Mo ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí Mààmi tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Wọ́n ń ṣe ìmúrasílẹ̀ ní pápá nírọ̀lẹ́. Mo rí i tó gbé bọ́ọ̀lù. Ó jù ú, ó dì mọ́ ìgúnpá, ó tún tẹ̀ láti gbé òmíì. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ọmọ sílẹ̀ fún Chloe. Mo rí ara mi láàárín pápá.

"Dámi! Dámi, fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀!"

Faiz bọ́ ìbọ̀wọ́, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Uncle Gafar yíjú sọ́nà adágún bíi pé ẹyẹ ló ń wò.

Àbúrò yín dúró sójú kan. "Ìyàwó. Orúkọ mi lo pè yẹn?"

Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà fi sílẹ̀. Ẹ lù mí tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀."

Kò lù mí. Kò sọ̀rọ̀ líle. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló lè ní kí n jókòó. Tí òun bá sọ ọ́, mo jókòó." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù, ó tún jù ú.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lẹ́nu mi ni mo lò yẹn. Kò sí òmíì mọ́.

Sátidé, 9 August

Ọ̀la ni. Aago méjì ọ̀sán.

Àbúrò yín ti lọ síbi iṣẹ́. Kò bínú sí mi, ó kí mi láàárọ̀, ó ní "Ìyàwó aláriwo." Ó ti mọ̀ pé mo sunkún. Ṣíbí ló fi jẹ ẹ̀wà, ó fi òsì mú un, ó ń dà á sára bí Ìlérí.

Igò òróró wà lórí tábìlì. Mo wò ó títí. Tí mo bá fi díẹ̀ kàn án lọ́wọ́ lọ́la, rẹfirí á lé e jáde, ọwọ́ ẹ̀ á yè. Àmọ́ wọ́n á pè é ní olè lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ó ti ru ti àkọ́kọ́ nítorí mi. Mo gbé igò náà padà fún Mummy Keziah. Wọ́n bi mí pé ṣé kò ṣiṣẹ́ ni. Mo ní ó ṣiṣẹ́ jù.

Bí mo ṣe délé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí fóònù ò wọlé, ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Ọmọ bàbá ti dé nìyẹn. Màá fi fóònù ya gbogbo ìwé yìí báyìí, ojú ewé kan tẹ̀ lé ìkejì, màá fi ránṣẹ́. Ẹ má kà á bí ìwé bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àbúrò yín.

Mi ò tíì ní kí ẹ ṣe nǹkankan fún mi rí. Nígbà tí mo bí Ìlérí tí ẹ ò sí nílé, mi ò pè yín. Mo ń pè yín báyìí. Ẹ fi iṣẹ́ kejì yẹn sílẹ̀. Ẹ má pè é lórí fóònù, ó máa ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ó máa pa á. Ojú yín ló gbọ́dọ̀ rí. Reluwé wà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, bọ́ọ̀sì tó ń rìn mọ́jú náà wà, Chloe bá mi wò ó. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ máa dé kí ṣọ́ọ̀ṣì tó jáde.

Mo ti fọ aṣọ Lékeléke yín, ó wà lórí àga. Ìbọ̀wọ́ yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti nu eruku ara ẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ jù ú dáadáa. Kí wọ́n nà wá ní ogún sí òdo. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀ ká pé mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ yíjú sí àbúrò yín, kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì tí èmi ò lè sọ kó gbọ́: Dámi, jókòó.

Bàbá Ìlérí, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀ báyìí.